Ẹja cichlid mi ń hú gbogbo ewé tí mo bá gbìn sínú àpótí díńgí. Ta ló ti rí i ṣe?

Ajílété (Ògbómọ̀ṣọ́), Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ẹja ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílé mi, ẹ bá mi dá sí i.

Mo ní àpótí díńgí kan ní pálọ̀ wa ní Òkè-Àdó. Ẹsẹ̀ bàtà 4 ni gígùn rẹ̀, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 18. Tó bá kún, ó ń gba omi bíi lítà 250. Ẹja méje ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́ta jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, Malawi ni ẹni tó tà wọ́n fún mi pè wọ́n. Méjì pọ́n bí ata, wọ́n ní tótòtó tó ń dán lára, jewel ni wọ́n ń jẹ́. Méjì tó kù, ọkùnrin náà kàn ní, "Cichlid náà ni, ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó dàgbà, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Wọ́n ti dàgbà báyìí. Mi ò tíì dúpẹ́.

Ewé gidi ni mo fẹ́ nínú omi yẹn, kì í ṣe ti ike tó ń ṣá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Mo ránṣẹ́ sí Èkó, wọ́n di ewé ₦18,000 sínú ọkọ̀ fún mi. Mo gbìn ín sínú yanrìn lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó wu ojú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àìkú, ìdí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ nìkan ló kù.

Láàárọ̀ òní mo jí ní aago mẹ́fà, mo fa àga sún mọ́ díńgí, mi ò tan iná. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tí kò lórúkọ yẹn rìn wá síbi ewé tó kù, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń lọ kí àna. Ó fẹnu kan ìdí rẹ̀. Ó sún sẹ́yìn, ó wò ó. Ó tún padà wá, ó gbá a mú láàárín, ó gbọn orí lẹ́ẹ̀mejì, ewé já. Ó jẹ díẹ̀, ó tu ìyókù, ó wá yíjú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo ń yọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tí mo fi máa ti ibi iṣẹ́ dé, ewé jíjá ti bo ojú omi, ó ti dí ẹnu fílítà.

Ìyàwó mi ní kí n kúkú máa ra ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ fún wọn ní Ọjà Jagùn, pé owó rẹ̀ kò tó báyìí.

Ṣé ewé àti cichlid lè jọ gbé? Àbí kí n gbà fún wọn?

---

Bọ̀dá Onídíńgí (Tákíè), Ọjọ́ Ajé, 9:31 alẹ́

Gbà fún wọn. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń kan àpótí díńgí, mi ò tíì rí oníbàárà kan tí ewé dúró fún lọ́dọ̀ cichlid. Òkúta ni kó o kó sí i. Tó o bá fẹ́ wo ewé, ṣílẹ̀kùn kó o bọ́ síta.

---

ỌmọAkẹ̀sán (Ọ̀yọ́), Ọjọ́ Ajé, 10:02 alẹ́

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo máńgòrò tẹ́ ẹ gbìn kò tó yín, ó tún ti di inú omi 😀

Bọ̀dá Onídíńgí, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, àmọ́ mi ò gbà. Cichlid kì í ṣe ẹja kan ṣoṣo, agbo ilé ńlá ni. Irú wọn lé ní 1,500. Angelfish tó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, cichlid ni, kì í bá ewé jà. Discus náà kì í bá ewé jà. Oscar tó ti odò Amazon wá kì í fi ewé ṣe oúnjẹ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá ní òun fẹ́ tún ilé òun ṣe, kò sóhun tó máa dúró níbi tẹ́ ẹ gbé e sí. Àwọn mbuna ti adágún Malawi, àárín àpáta ni wọ́n ń gbé, ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ewé tó máa ń bo òkúta ni wọ́n ń họ jẹ látàárọ̀ dalẹ́. Ewé tó bá ti rọ̀, ọ̀kan náà ni lójú wọn.

Torí náà Ajílété, ìbéèrè yín kò tíì pé. Ẹ ní ẹ ní cichlid. Cichlid wo?

Tí ìlà dúdú bá gba orí ìyẹ́ ẹ̀yìn àwọn aláwọ̀ ìyeyè yẹn kọjá, Labidochromis caeruleus ni wọ́n. Ọkàn yín balẹ̀. Nínú gbogbo mbuna, àwọn ló gbà fún ewé jù, torí kòkòrò wẹ́wẹ́ ni wọ́n fẹ́ràn. Ọdún kẹfà rèé tí tèmi ti wà pẹ̀lú ewé.

---

Akẹ́ja_UnderG (LAUTECH), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:48 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Àwọn méjì tí kò lórúkọ yẹn ni mo fẹ́ gbọ́ nípa wọn. Ẹ bá mi wo nǹkan mẹ́ta. Ṣé ìlà dúdú wà lára wọn tó ti ẹ̀yìn wá sísàlẹ̀? Ṣé àmì dúdú bí ojú wà nínú ìyẹ́ ẹ̀yìn wọn, lápá ọ̀dọ̀ ìrù? Ṣé ikùn wọn ń pọ́n?

---

Ajílété, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀

Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ti ọ̀kan pọ́n bí ẹni tó jókòó sínú epo pupa.

---

Akẹ́ja_UnderG, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:22 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Epìyà ni.

Ẹni tó tà á fún yín kò kúkú purọ́, torí gbogbo epìyà ni cichlid. Èyí tó wà lọ́dọ̀ yín, Coptodon zillii ni, Tilapia zillii ni àwọn ìwé àtijọ́ ń pè é. Ó pọ̀ nínú odò àti adágún wa. Ewé omi gan-an loúnjẹ rẹ̀. Ní California lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, wọ́n dìídì kó o sínú àwọn kòtò tí omi oko ń gbà kọjá, kó lè bá wọn jẹ koríko tó ń dí omi. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un níbẹ̀ lẹ̀yin náà gbé fún un ní pálọ̀, ẹ tún wá ń bínú pé ó ṣe é. Ewúrẹ́ lẹ so mọ́ àárín ebè yẹn, ẹ̀gbọ́n.

---

Ìyá Ẹlẹ́ja Jagùn, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:05 àárọ̀

Ọmọ mi, gbé méjèèjì wá bá mi ní ìsọ̀. Ata rodo àti àlùbọ́sà ni wọ́n ń fẹ́, kì í ṣe ewé. Ẹ̀fọ́ ₦18,000 tó ti wà níkùn wọn, èrè ọbẹ̀ nìyẹn.

---

Ajílété, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:40 àárọ̀

Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Àbígbẹ̀yìn mi ti sọ wọ́n lórúkọ.

---

Àdùkẹ́_Sapele, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:37 ọ̀sán

Ẹ kú ìjokòó o. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, ìdí Àfin gan-an, iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa dé Sapele. Odò Ethiope kò jìnnà sí wa níbí. Inú odò yẹn ni cichlid kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní krib, Pelvicachromis pulcher lórúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Tí àkókò ẹyin abo bá tó, ikùn rẹ̀ á pọ́n bí omi zóbò. Àwọn èèyàn ní Jámánì àti Amẹ́ríkà ń sìn ín bí ẹyin ojú, àwa tá a ni ín ń wá ti Malawi kiri. Ó máa ń gbẹ́ yanrìn díẹ̀ lábẹ́ ibi tó bá fẹ́ yé sí, ìyẹn náà ni gbogbo wàhálà rẹ̀. Kì í jẹ ewé. Àpáàdì ni mo fi ṣe ilé fún tèmi: mo gba ìdí ìkòkò amọ̀ tó fọ́, mo dojú rẹ̀ dé, mo lu ihò kan tí àtàǹpàkò lè gbà síbi etí rẹ̀. Inú ibẹ̀ ni ìyá ń sá wọ̀ sí, òrùlé àpáàdì yẹn ló ń lẹ ẹyin mọ́.

Ó dáa, ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ewé.

Ajílété, ewé tẹ́ ẹ rà, èyí tí wọ́n ń gbìn ni. Nílé cichlid, èyí tí wọ́n ń so lẹ máa wá. Ẹja tó bá ń hú nǹkan, inú yanrìn ló ti ń hú u. Ewé tí kò bá sí nínú yanrìn, kí ló fẹ́ hú níbẹ̀?

Èyí tí mo máa ní kí ẹ kọ́kọ́ wá ni Anubias. Ewé rẹ̀ le bí awọ bàtà. Ẹja tó bá bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan, kì í padà wá. Ewé ilẹ̀ wa ni, etí odò ló ti ń hù ní gúúsù Nàìjíríà níbí títí wọ Kamẹrúùnù, lára òkúta àti gbòǹgbò igi. Tẹ́ ẹ bá gbé e lọ́wọ́, ẹ máa rí ara kan tó nà gbọọrọ bí ata-ilẹ̀, ibẹ̀ ni ewé ti ń yọ sókè, tí gbòǹgbò ń yọ sísàlẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kẹ́ ẹ ri ata-ilẹ̀ yẹn mọ́ yanrìn. Yóò rà ni, ewé á sì máa já ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí mo ṣe ń so ó rèé. Mo máa ń wá òkúta tó tóbi ju ìkúùkù mi lọ, kó wúwo, torí jewel lè ti òkúta kékeré kiri. Màá mú òwú dúdú tí télọ̀ fi ń ránṣọ. Màá gbé ata-ilẹ̀ náà lé òkúta, màá wá ká òwú yípo àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kí òwú máa gba àárín ewé kan sí èkejì, kó má bọ́ sórí ọ̀dọ́ ewé tó ń yọ. Ẹ fà á kó le tó pé tẹ́ ẹ bá fi ìka tì í, kò ní mì, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gé e lára. Gbòǹgbò tó bá gùn jù, mo máa ń gé e kù bí íǹṣì kan. Lẹ́yìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta, gbòǹgbò tuntun á ti di òkúta mú, kí òwú máa jẹrà tiẹ̀ lọ. Tí sùúrù òwú kò bá sí, gọ̀ọ̀mù tó ń gan lójú ẹsẹ̀, èyí táwọn tó ń tún bàtà ṣe ń lò, ń ṣiṣẹ́ náà. Ẹ kán an sórí òkúta, ẹ tẹ gbòǹgbò mọ́ ọn, ẹ kà dé ọgọ́ta. Tó bá ti gan, kì í ṣe ẹja ní nǹkan kan.

Ó ní àlébù kan: kì í tètè dàgbà. Ewé kan lóṣù, nígbà míì kó má tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ojú ń kán kò lè sìn ín.

---

Bọ̀dá Onídíńgí, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:10 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n béèrè, orí kí ni àpótí yìí jókòó sí? Lítà omi kan, kílò kan ni. Lítà 250 ti jẹ́ kílò 250 kẹ́ ẹ tó ka díńgí, yanrìn àti òkúta tí Àǹtí Sapele ní kẹ́ ẹ máa kó sí i. Mo ti rí tábìlì tí wọ́n fi ń jẹun tó tẹ̀ lábẹ́ irú rẹ̀. Tí tábìlì bá tẹ̀ lápá kan, díńgí á sán lóru ọjọ́ kan, ẹ máa lá àlá pé ẹ wà nínú odò Ọ̀bà.

---

Ajílété, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:55 alẹ́

Orí irin tí wẹ́dà ṣe fún mi ló wà, Bọ̀dá. Ẹ ṣeun.

Àǹtí Àdùkẹ́, Ọlọ́run á máa bá yín sọ̀rọ̀ ire. Mo ní ìbéèrè kan sí i. Ojúoró ńkọ́? Mo rí i lọ́pọ̀ yanturu létí odò nígbà tí mo ń ti Ìkòyí-Ilé bọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò ní gbòǹgbò nínú yanrìn, orí omi ló ń gbé. Ṣebí àwọn àgbà náà ló ní ojúoró ní í lékè omi, ọ̀ṣíbàtà ní í lékè odò.

---

ỌmọAkẹ̀sán, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:20 alẹ́

Àdúrà nìyẹn, kì í ṣe ìmọ̀ràn lórí ẹja o.

Ojúoró dára lọ́nà kan: ó ń fa ìdọ̀tí inú omi mu gan-an, amóníà tó ń jáde lára ẹja wà nínú ohun tó ń fi ṣoúnjẹ. Ọmọ ẹja á ríbi sá pamọ́ sí nínú gbòǹgbò rẹ̀ tó dà bí irun. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbójú kúrò lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á bo ojú omi pátá, ìmọ́lẹ̀ kò ní dé ìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ jẹ́ kó gba ìdá kan nínú mẹ́ta ojú omi, kẹ́ ẹ máa kó ìyókù dànù. Epìyà yín á tilẹ̀ bá yín fi gbòǹgbò rẹ̀ ṣe ìpápánu.

Ọ̀ṣíbàtà lẹ kò gbọ́dọ̀ gbé wá. Ó rẹwà, wọ́n ń tà á lókè òkun fún àwọn tó ń sin ẹja, àmọ́ ewé rẹ̀ rọ̀ bí ewédú. Alẹ́ kan péré.

---

Akẹ́ja_UnderG, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:03 alẹ́

Kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un kí ẹ̀gbọ́n tó ká ṣòkòtò wọ odò. Ìṣáwùrú kan wà nínú omi tó dúró àti omi tó ń rọra ṣàn, àwọn ló ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, àìsàn tó ń jẹ́ kéèyàn tọ ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò yẹn ń gba awọ ara wọlé, kò dìgbà téèyàn mu omi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ojúoró, orí ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró sí, ẹ fi igi gígùn fà á, kẹ́ ẹ wọ bàtà rọ́bà.

Tó bá délé, ẹ má gbé e bọ inú díńgí. Ẹ kó o sínú korobá omi fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀, ẹ máa yẹ gbòǹgbò wò. Eṣúṣú máa ń wà níbẹ̀, ẹyin ìṣáwùrú náà, tó dà bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ọmọ lámilámi ló tún burú jù. Lámilámi tá a ń rí tó ń fò lórí omi, inú omi lọmọ rẹ̀ ń gbé, ó máa ń na àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde bí apá láti mú ọmọ ẹja. Mo pàdánù ọmọ krib mọ́kànlá sọ́wọ́ ẹyọ kan.

---

Bàbá Tíṣà (Àwẹ́), Ọjọ́rú, 5:50 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ti fẹ̀yìn tì, ẹja ni mo fi ń kọjú sí òórọ̀ báyìí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ìwà òmùgọ̀ tèmi kó má ṣẹlẹ̀ sí Ajílété.

Ọdún tó kọjá, ewé mi ń pọ́n, kò dàgbà. Mo ní ṣebí àgbẹ̀ ni bàbá tó bí mi, mo mọ ohun tí ewé ń fẹ́. Mo lọ bu ajílẹ̀ NPK tó kù lẹ́yìn àgbàdo, ṣíbí ìmùkọ kan, mo wọ́n ọn sínú díńgí ní ìrọ̀lẹ́. Kò tó wákàtí mẹ́ta, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yípo, lẹ́yìn náà wọ́n dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìjàgbọ̀n wọn pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo sin èyí tó kẹ́yìn sábẹ́ igi ọsàn. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ewé ọ̀hún yè o, ó tutù yọ̀yọ̀.

---

Akẹ́ja_UnderG, Ọjọ́rú, 6:30 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Amóníà inú ajílẹ̀ yẹn ló pa wọ́n. Ewé nìkan ló lè fi ìwọ̀n yẹn jẹun. Ìgbẹ́ ẹja nìkan tó Anubias fún oúnjẹ, kò nílò ajílẹ̀ kankan.

Ohun tí ewé inú omi sábà máa ń ṣàìní ni irin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, orí irin lẹ sì ń tẹ̀. Yangí! Ohun tó sọ yangí di pupa, ìpẹtà irin ni. Nígbà kan, àwọn tó ń sin ewé omi nílẹ̀ Yúróòpù máa ń ra yangí nínú ọ̀rá láti tẹ́ sábẹ́ òkúta wẹ́wẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbin ewé tó nílò ilẹ̀, bíi Vallisneria tàbí Crinum tó ń hù láti ìdí bí àlùbọ́sà, ẹ wá ìkòkò amọ̀ kékeré. Ẹ fọ yangí wẹ́wẹ́ dáadáa, ẹ tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ da yanrìn lé e, ẹ gbìn ín, kẹ́ ẹ wá fi òkúta tó tó ẹyin adìẹ tẹ orí yanrìn yẹn pa. Inú ìkòkò ni ẹja kò ti ní lè gbẹ́ ẹ. Tẹ́ ẹ bá da yangí sórí yanrìn lásán, tí jewel gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, omi yín á dà bí omi àgbàrá fún ọ̀sẹ̀ kan.

---

Bọ̀dá Onídíńgí, Ọjọ́rú, 9:12 àárọ̀

Ìkòkò nínú díńgí. Kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa ní ká dáná sí i.

---

ỌmọAkẹ̀sán, Ọjọ́rú, 9:40 àárọ̀

Bọ̀dá, ẹ ti ní kò ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe é sọ̀rọ̀.

---

Alámòójútó, Ọjọ́rú, 9:58 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àgbà ni Bọ̀dá nínú ilé yìí. Ọmọ Akẹ̀sán, ẹ fi ẹ̀rọ̀ sí i.

---

ỌmọAkẹ̀sán, Ọjọ́rú, 10:15 àárọ̀

Ẹ máa bínú, Bọ̀dá. Mo tọrọ àforíjì.

Ajílété, omi wo lẹ ń lò? Omi adágún Malawi le, ìyẹn ni pé èròjà òkúta wà nínú rẹ̀, pH rẹ̀ (ìwọ̀n tó ń sọ bóyá omi kan tàbí kò kan) máa ń wà láàárín 7.7 sí 8.6. Omi krib Àǹtí Àdùkẹ́ rọ̀ ní tiẹ̀, ẹ má ṣe kó wọn pọ̀ mọ́ Malawi láéláé. Kànga ilé wa ní Ọ̀yọ́ rọ̀ ju ohun tí Malawi fẹ́, torí náà ìkarahun ìgbín ni mo ń lò. Mo máa ń bọ̀ ọ́, mo máa ń fi ọlọ fọ́ ọ, mo máa ń kó ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú àpò àwọ̀n nínú fílítà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gbé pH sókè. Anubias àti Vallisneria ń gbé inú omi líle yẹn láìsí wàhálà.

Jewel yín ni ìṣòro tó kù. Ẹja Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni, kò jẹ ewé, àmọ́ tí tọkọtaya bá fẹ́ yé ẹyin, wọ́n á gba ìdajì ilé lọ́wọ́ àwọn tó kù. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ wá àpótí tiwọn fún wọn.

---

Àdùkẹ́_Sapele, Ọjọ́rú, 3:22 ọ̀sán

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Lójúmọmọ, ewé ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ọ́síjìn. Lóru, òun náà ń mí bí ẹja ṣe ń mí, ọ́síjìn kan náà ni wọ́n jọ ń pín. Mo kó ewé kún ilé ẹja mi bámúbámú nígbà kan, inú mi ń dùn. Wọ́n mú iná lọ lóru, pọ́ǹpù dákẹ́, mi ò jí. Ní ìdájí gbogbo ẹja ti wà lókè, wọ́n ń la ẹnu lórí omi bí ọmọ ẹyẹ. Ife ni mo fi ń bu omi tí mo ń dà á padà láti òkè, bu, dà, bu, dà, títí ilẹ̀ fi mọ́. Méjì kú.

Ẹ wá pọ́ǹpù kékeré tó ń lo bátìrì. Tí iná ọba bá lọ, òun á gbà á.

---

Ajílété, Ọjọ́rú, 8:30 alẹ́

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Omi bóhóòlù ni mo ń lò, màá gbé e lọ yẹ̀ wò. Mo ń bọ̀ wá jábọ̀.

---

Ajílété, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:18 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹni tó bá rántí mi, èmi ni bàbá àwọn epìyà.

Àwọn méjèèjì ti wà nínú odò sìmẹ́ǹtì aládùúgbò mi tó ń sin àrọ̀. Ọmọ mi sunkún ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, àmọ́ ó ń lọ kí wọn ní gbogbo ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú ewé tẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́. (Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ má béèrè ojú ọ̀nà.)

Anubias mẹ́fà ni mo so. Mẹ́rin mú òkúta dáadáa. Ọ̀kan já, torí mo jẹ́ kí òwú rọ̀, mo bá a lẹ́yìn fílítà lọ́jọ́ kejì, mo tún un so. Ẹ̀kẹfà, ọmọ mi ló bá mi ṣe é, ó rì í mọ́ yanrìn kó lè "dúró dáadáa". Ó rà lóòótọ́, bí Àǹtí ṣe wí, ó ń rùn bí ẹ̀fọ́ tó sùn.

Jewel mi yé o! Mi ò tíì rówó àpótí wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi gbẹ́ yanrìn, wọ́n gbẹ́ ẹ débi tí mo fi rí díńgí ìsàlẹ̀, òkìtì wà ní igun kan bí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Wọn ò fọwọ́ kan ewé orí òkúta rárá. Orí òkúta pẹlẹbẹ kan lábẹ́ Anubias tó tóbi jù ni wọ́n lẹ ẹyin mọ́. Ìyá dúró síbẹ̀, ó ń fi ìyẹ́ fẹ́ ẹ, ewé sì ṣíji bò ó. Mo pe ìyàwó mi wá wò ó. Ó dúró pẹ́. Kò sọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ mọ́.

Vallisneria inú ìkòkò yangí náà ti yọ ọmọ mẹ́ta, wọ́n gba etí ìkòkò jáde wá sínú yanrìn. Jewel hú méjì.

Ìbéèrè mi báyìí: nǹkan dúdú kan ń hù létí ewé Anubias, ó dà bí irùngbọ̀n kékeré, tí mo bá fi ìka nù ún kì í kúrò. Ṣé àìsàn ni? Gílóòbù LED méjì ló wà lórí rẹ̀, mo ń tàn wọ́n láti aago mẹ́fà àárọ̀ di mọ́kànlá alẹ́.

---

Àdùkẹ́_Sapele, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:01 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú oríire ọmọ! Kì í ṣe àìsàn, ìmọ́lẹ̀ ló pọ̀ jù. Wákàtí mẹ́tàdínlógún! Abẹ́ ìbòòji igbó ni Anubias ti wá. Ẹ dín in kù sí mẹ́fà tàbí méje, ẹ yọ gílóòbù kan, ẹ fi ojúoró díẹ̀ ṣíji bò ó. Ewé tí irùngbọ̀n bá ti bò tán, ẹ gé e láti ìdí.

---

Ajílété, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:09 ìrọ̀lẹ́

Ojúoró náà ló tún kàn báyìí. Mo ń lọ wá bàtà rọ́bà mi.